Ohun Tí Egungun Ń Gbọ́

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ya fọ́tò egungun
ní ọsibítù tó wà ní Ìdí-Àbà.
"Má mira. Dá èémí dúró. Ó ti tó."
Mo mọ ọwọ́ àwọn ọmọ Abẹ́òkúta ju bí mo ṣe mọ ojú wọn lọ:
ọmọ Ìjẹmọ̀ tó já látorí igi àgbálùmọ̀,
ọmọ Láfẹ́ńwá tí ọ̀kadà gbá,
Ṣóbáyọ̀ ará Ìtòkò, tó ní òun fẹ́ fò
láti orí àpáta kan bọ́ sórí èkejì,
àpáta kejì sì sún sẹ́yìn. Bó ṣe wí nìyẹn.

Ohun tí mo ń rí yìí ló bà mí lẹ́rù.
Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ Ìbíwùmí.
Ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Mo ní má sáré, má fo okùn, má bá wọn ṣe súwè.
Mo ra fóònù fún un, mo ra ìrọ̀rí, mo ra bisikíìtì.
Mo ní ọmọ tèmi ò ní dé orí tábìlì mi láéláé.

Ọ̀sán Wẹ́sidé kan ni wọ́n gbé e dé.
Kì í ṣe igi ló ti já.
Kì í ṣe àpáta.
Orí àga ló wà, ó nawọ́ mú ṣájà,
ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì dá
bí igi ìṣáná.

Mo yà á. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo tún un yà.
Mo gbé fọ́tò Ṣóbáyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lójú iná;
ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn.
Tọmọkùnrin yẹn nípọn létí bí ògiri ayé àtijọ́.
Tọmọ mi fẹ́lẹ́ bí ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà.

Dókítà Ṣówándé ní kí n má fi fọ́tò méjì dájọ́,
ìran ò dọ́gba, oúnjẹ ò dọ́gba.
Àmọ́ ó bi mí ní ẹyọ ìbéèrè kan:
"Ìgbà wo lọmọ yìí fò kẹ́yìn?"
N ò rí èsì fọ̀.

Ó ní egungun ọmọdé kì í ṣe òkúta.
Àwọn birikilà wà nínú rẹ̀ tí ojú ò lè rí,
wọn ò sì gbọ́ àṣẹ ẹnu.
Gìdì tí ẹsẹ̀ bá ṣe nílẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.
Gìdì: wọ́n po kọnkéré. Gìdì: wọ́n rẹ́ ẹ.
Bí ilé bá pa lọ́lọ́, wọ́n á jókòó sábẹ́ ibòji,
wọ́n á ní bóyá onílé ò kọ́ mọ́.

Wàrà dára, ẹ̀fọ́ dára, oòrùn àárọ̀ dára:
yanrìn àti sìmẹ́ńtì nìyẹn.
Ta ni yóò wá ké sí òṣìṣẹ́?

Ìgbà náà ni mo rántí ìyá mi,
tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
tó dìde, tó gbọn ìró, tó ní kí wọ́n máa wàásù lọ.
Omi pípọn ni. Láti òkè Ìtòkò dé etí odò Ògùn,
kó tún pọ́nkè padà tòun ti ìkòkò lórí.
Àjọ ló ń dá, kò mọ̀.
Ọwọ́ ọmọdé lalájọ egungun ti ń gbowó;
bọ́jọ́ orí bá ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n, ó pa káàdì dé.
Ohun tó bá wà níbẹ̀ la ó máa ná dalẹ́.

Wọ́n gé ẹfun ọwọ́ rẹ̀ kúrò.
Wọ́n ní ká ṣì ní sùúrù fóṣù kan. A ní in.
Láàárọ̀ Sátidé, mo mú èédú,
mo fa ilà súwè sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Adátán,
ilé mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ wọ́.
Ìbíwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí àlejò.
"Màámi, ẹ ní ó ń bà yín lẹ́rù."
"Ó ṣì ń bà mí."
Mo ju àfọ́kù àwo sílé kẹta, mo gbé ẹsẹ̀ kan,
orúnkún mi ké bí ilẹ̀kùn tí ò fojú kan epo.
Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sálúbàtà.

Gìdì.
Mo fẹ́ ní "rọra". Mo gbé e mì.
Gìdì, gìdì.
Adìyẹ ará ilé kejì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ó ti tẹ ilà ilé karùn-ún.
N ò sọ fún un.